Aṣọ́lé méjì, ojú ilé kan: ta ni kí n mú lọ́jọ́rú?

Tíṣà Ìṣirò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí, tàbí tó bí ẹni tó ń gbá a, kó gbà mí.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé girama kan níbí ní Abẹ́òkúta. Bí bọ́ọ̀lù ṣe já lé mi lọ́wọ́ kò ju pé tíṣà tó ń bójú tó o fẹ̀yìn tì, ọ̀gá àgbà wo gbogbo wa yí ká ní yàrá olùkọ́, èmi nìkan ni mo wọ bàtà kánfáàsì lọ́jọ́ náà. Ó di ọdún kẹta. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, ìpele kìíní ni wọ́n ti ń dá wa padà sílé. Lọ́dún yìí, ẹ bá mi dúpẹ́, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, a wà níbẹ̀. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbá a.

Ìṣòro mi ni pé mo ní aṣọ́lé méjì. N kò ní dárúkọ wọn, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká pe èkíní ní Àgbà, ká pe èkejì ní Kékeré. Ọjọ́ orí ni mo fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀ o, torí Kékeré ló ga jù.

Àgbà, ọmọ ọdún 17, SS3 ló wà. Ọdún kejì rẹ̀ rèé lójú ilé. Ohùn rẹ̀! Tó bá ń to àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú títì máa ń yíjú wò ó. Ó mọ ẹni tó máa ń gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró sí, orúkọ onítọ̀hún ló sì máa kọ́kọ́ pè bí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà. Kì í bẹ́ sílẹ̀. Ẹ óò kàn rí i pé bọ́ọ̀lù bá a láyà níbi tó dúró sí, bí ẹni pé òun àti ẹni tó gbá a ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tó bá gba ilẹ̀ lọ sí igun, pàápàá lápá òsì, ojú ló máa fi sìn ín wọlé.

Kékeré, ọmọ ọdún 15, SS1. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbé e wá ní oṣù Kìíní. Apá rẹ̀ gùn bí apá ọ̀bọ, ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Tó bá fò, ẹ óò rò pé ẹnì kan ló jù ú. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù láti ojú ilé, ó kọjá àárín pápá. Àmọ́ kì í sọ̀rọ̀, ó máa ń dákẹ́ bí ẹni tó wà nínú ìdánwò. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tá a gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú pẹnáritì. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, bọ́ọ̀lù tí ìyá mi lè mú gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, torí pé àwọn ọmọbìnrin SS2 ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún un, òun náà ṣì ń wo ọ̀dọ̀ wọn.

Pápá wa kò tún ràn mí lọ́wọ́. Ẹ mọ Abẹ́òkúta. Ojú ilé tó wà lápá ìsàlẹ̀, tá a ti ń ṣe ìdánrawò jù, àpáta yọ orí níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ òsì aṣọ́lé, ó fẹ̀ tó ẹní ìsùn. Bọ́ọ̀lù tó bá bà á, ibi tó bá wù ú ló ń lọ. Ìyókù jẹ́ erùpẹ̀ àti òkúta wẹẹrẹ. Pápá tá a ti máa gbá a lọ́jọ́rú tẹ́jú, koríko ló wà níbẹ̀.

Ohun méjì kan wà tí mo ti fẹ́ fi pamọ́, àmọ́ ẹ ò ní lè gbà mí nímọ̀ràn tí mo bá fi pamọ́. Bàbá Kékeré ló ra jẹ́sì tuntun tí gbogbo àwọn ọmọ ń wọ̀. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo tá a ní, ti Àgbà ni. Ìyá rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló rà á fún un, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń lò ó.

Ta ni kí n mú?

Ọmọ Láfẹ́nwá

Tíṣà, ẹ ti wọ jẹ́sì tán kẹ́ ẹ tó wá máa bi wá. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Tí Kékeré ò bá gbá a, orí pápá lẹ máa bọ́ aṣọ sí o!

Ká tiẹ̀ pa àwàdà tì, Kékeré ni tèmi. Ní 2017, Ezenwa ló ṣọ́ ilé fún Super Eagles nígbà tí àìsàn dá Ikeme dúró. Nígbà tá a dé Russia fún Ife Àgbáyé 2018, ta ni Rohr, kóòṣì wa nígbà náà, gbé síbẹ̀? Uzoho, ọmọ ọdún 19. Ọmọdé kì í kéré jù láti ṣọ́ ilé.

Ará Ìbarà

Ìwọ Láfẹ́nwá, má fi ọ̀rọ̀ jẹ́sì dá bàbá olóore lóró. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo kàwé ọdún mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà kí n tó padà wálé. Irú ọ̀rọ̀ yín yìí, òun ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe tiwa, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní quarterback. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Òun ló ń pe ohun tí wọ́n máa ṣe, òun ló sì ń jù ú fún ẹni tó ń sáré. Bí aṣọ́lé ló rí, ẹnì kan ṣoṣo ló lè wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí kò bá ráyè, ẹ lè fi í sí òsì. Aṣọ́lé kejì, bẹ́ǹṣì ló ń lọ.

Yunifásítì Alabama ní méjì. Jalen Hurts ni àgbà: nínú eré 28 tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn lápapọ̀, méjì péré ni wọ́n pàdánù. Èkejì, Tua Tagovailoa, ọmọ Hawaii, ọlọ́wọ́ òsì, ọdún kìíní ló wà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2018, àṣekágbá àwọn yunifásítì gbogbo Amẹ́ríkà ní Atlanta, Alabama pàdé Yunifásítì Georgia. Georgia ti ní 13, Alabama ò ní nǹkan kan, wọ́n lọ sinmi. Nick Saban, kóòṣì wọn, fi Hurts jókòó, ó gbé ọmọdé wọlé. Wọ́n lé e títí ó fi di 20 sí 20, wọ́n bọ́ sí àfikún àkókò, Georgia tún gba 3. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n gbé e ṣánlẹ̀, yáàdì 16 ni wọ́n fi padà sẹ́yìn. Ìgbà kejì, ó ju yáàdì 41 fún DeVonta Smith, ìyẹn gbé e wọlé, 6 ni wọ́n ń kà fún irú ẹ̀. Ó parí, 26 sí 23. Àwa mẹ́jọ la wà nínú yàrá kan lálẹ́ ọjọ́ náà, a fọ́ tábìlì onílé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí Hurts. Kò lọ. Ó fara mọ́ bẹ́ǹṣì lọ́dún yẹn. Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2018, pápá kan náà, Georgia kan náà, Tua fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe, wọ́n wà lẹ́yìn 28 sí 21. Hurts wọlé, ó ju ọ̀kan, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìkejì sáré wọlé, 35 sí 28. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kọjá sí Yunifásítì Oklahoma. Ní oṣù Kejì 2025, ó gba Super Bowl, ife tó ga jù fún àwọn tó fi bọ́ọ̀lù náà ṣiṣẹ́ ṣe, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Philadelphia, òun náà ni wọ́n sì mú ní ẹni tó ta yọ jù lọ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dúró. Lọ́dún 2018 yẹn náà, lẹ́yìn eré mẹ́rin péré, Clemson, yunifásítì mìíràn, gba ipò quarterback lọ́wọ́ Kelly Bryant, wọ́n gbé e fún Trevor Lawrence. Bryant kó ẹrù rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Eré tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá Lawrence débi tí kò lè padà sórí pápá. Ẹni kẹta, Chase Brice, ló ràn wọ́n yọ lọ́wọ́ Syracuse, 27 sí 23, ìmí gbogbo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lóòótọ́, Lawrence padà gba ife fún wọn. Ẹ mú Kékeré tó bá wù yín, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Àgbà lọ.

Aṣọ́lé Àtijọ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú ìrìn àjò. Èmi ò kúrò nílùú. Nígbà tí Abiola Babes tiwa níbí gba ife FA ní 1985, tí wọ́n tún gbà á ní 1987, mò ń ṣọ́ ilé fún ilé ìwé mi, ìgunpá mi méjèèjì sì ṣì ní àpá dòní.

Tíṣà, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Àpáta wà lọ́wọ́ òsì. Bọ́ọ̀lù tó gba ilẹ̀ lọ sápá òsì ló ń wọlé fún Àgbà. Ọdún méjì ló ti ń dúró síbẹ̀! Ta ló fẹ́ bẹ́ lé àpáta? Kékeré ń fò ní tirẹ̀ torí pé oṣù mélòó kan péré kò tíì kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹ ń pe àpá ní àléébù. Ẹ kó àwọn méjèèjì lọ sórí koríko, kẹ́ ẹ gbá ogún bọ́ọ̀lù sí òsì olúkúlùkù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bi wá.

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ jẹ́ kí ìyá náà sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rí. Bẹ́ǹṣì kọ́ ló dùn ún. Ara pátákó ló ti ka orúkọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kà á ṣáájú, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán kó tó débẹ̀. Ó délé, ó ní òun ò jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ọmọ tó lè torí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ta bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀! Tíṣà, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ bá a, ẹ má rán ọmọ sí ọmọ. Kó má sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbá a.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ife Àgbáyé 2014, Netherlands àti Costa Rica. Ó ku díẹ̀ kí àfikún àkókò parí, Van Gaal, kóòṣì Netherlands, yọ Cillessen tó ń ṣọ́ ilé, ó gbé Tim Krul wọlé fún pẹnáritì. Krul mú méjì, wọ́n borí. Krul ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Cillessen ò mọ̀, inú bí i débi pé ó fẹsẹ̀ ta ìgò omi. Tíṣà, ẹ forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ jẹ́sì o.

Tíṣà Ìṣirò (Mọ́ńdè, lálẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ Láfẹ́nwá, má tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ jẹ́sì yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí mo bi ara mi dáadáa, mo rí i pé Àgbà ni mo ti ń gbèrò láti mú, kì í ṣe torí pé ó dáa jù, torí kí wọ́n má bàa sọ pé wọ́n fi jẹ́sì rà mí ni. Ọmọ ọdún 15 ni ǹ bá fi ṣètùtù ojú ayé.

Bàbá Aṣọ́lé, mo kó wọn lọ sí pápá kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé. Èmi fúnra mi ni mo gbá ogún bọ́ọ̀lù sí òsì olúkúlùkù. Ẹ má bi mí léèrè orúnkún. Kékeré mú 13. Àgbà mú 7. Àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Mo tún gbá mẹ́wàá sápá ọ̀tún fún Àgbà, ó bẹ́, ó nà gbọọrọ, ó mú mẹ́fà. N kò mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá tún di òsì, tó jẹ́ koríko tútù ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbéra, ara rẹ̀ á dúró. Lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tó bojú wolẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí àpáta níbẹ̀. Ó ń wò ó síbẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi pariwo lé ọmọ yẹn lórí pé kó bẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ò lè tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lára. Kékeré ni mo mú fún Ọjọ́rú.

Lọ́sàn-án yìí mo lọ sí ìsọ̀ ìyá Àgbà ní Ìtòkú. Òun àti ìyá rẹ̀ ń ká àdìrẹ, mo bá wọn mú etí aṣọ kan. Mo sọ ọ́ fún un, mo sọ ohun tí mo rí lórí koríko, mo ní pápá ló fà á, èmi náà ló sì fà á tí n kò rí i láti ọjọ́ yìí. Kò fèsì. Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó mú òmíràn. Ìyá rẹ̀ ń wò mí lójú, n kò lè wo tirẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Sà, ṣé ìbọ̀wọ́ mi ni yóò wọ̀?" Mo ní màá lọ yá òmíràn. Ó ní, "Ẹ má yá a. Ẹ ṣáà sọ fún un pé kó fi omi rin ín kó tó wọ̀ ọ́, tó bá gbẹ ó máa ń yọ̀."

Ará Ìbarà (Ọjọ́bọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, àná ńkọ́? Ẹ dákẹ́ mọ́ wa lórí.

Tíṣà Ìṣirò (Sátidé)

Ẹ má bínú, ìwé ìdánwò ni mò ń máàkì.

2 sí 1, àwa la borí. Kékeré mú mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò pé ó lè mú, ọ̀kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lápá òsì. Èyí tó wọlé, kọ́nà ni. Ọmọ méjì ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Àgbà pè é láti orí bẹ́ǹṣì, ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Látìgbà náà ló ti dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ojú ilé, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Rẹfirí lé e lẹ́ẹ̀mejì, ó padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Títí di òní ohùn rẹ̀ ṣì há.

Àṣekágbá ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá Àgbà pè mí láàárọ̀ yìí pé ọmọ òun ti gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ sórí koríko ojú ọ̀nà Ìbàdàn, Kékeré ló sì bá a lọ láti máa gbá bọ́ọ̀lù sí i lápá òsì. Ẹ má tíì bi mí ta ni mo máa mú.