Bí bàálù bá yí padà, ṣé ẹ̀ka ọmọ ogun náà yí padà?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kó ìtàn iṣẹ́ bàbá mi jọ nígbà tí wọ́n ṣì lè rántí. Mẹkáníìkì bàálù ni wọ́n ní ibùdó ọmọ ogun òfurufú ní Makurdi, ìwé tí wọ́n fi gbé wọn lọ síbẹ̀ ní 1977 sì sọ pé 64 Air Defence Group ni ẹ̀ka wọn, níbi tí wọ́n ti ń tún bàálù ajagun MiG-21 ṣe. Ọmọ àdúgbò wa kan tó wà níbẹ̀ ní 2012 ní ẹ̀ka kan náà ni tòun, bẹ́ẹ̀ kò rí MiG-21 tó ń fò rí. Ṣé ẹ̀ka kan ṣoṣo ni, àbí orúkọ ló jọra?

Àgbà Ìjàpọ̀:
Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni. Bàálù a máa gbó, wọ́n á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kì í torí bẹ́ẹ̀ túká; bí oyè ló rí, tó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹ́ tilẹ̀ wàjà. Ní 1975 ni MiG-21 dé láti Soviet Union. Nígbà tí wọn kò ṣeé fò mọ́, ìjọba ra F-7 lọ́wọ́ Ṣáínà, ìyẹn sì dé ní 2009 àti 2010. Àwòṣe MiG-21 gan-an ni Ṣáínà wò tí wọ́n fi kọ́kọ́ ṣe F-7. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ han bàbá.

Ìyá Arákàlẹ̀:
Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ má ṣe da ibùdó pọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Bàálù ajagun Jaguar méjìdínlógún tí a rà lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Makurdi kan náà ní 1984, wọ́n sì dáwọ́ fífò wọn dúró ní 1991. Bàálù ajagun JF-17 mẹ́ta tún dé síbẹ̀ ní 2021. Ènìyàn lè ti ṣiṣẹ́ ní Makurdi kó má fọwọ́ kan MiG rí. Ní Àkúrẹ́ níbí náà, a ó ní "bárékè Owena" bí ẹni pé orúkọ ẹ̀ka ni, bẹ́ẹ̀ 32 Artillery Brigade ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀.

Ti Kainji, ibùdó ọmọ ogun òfurufú mìíràn, tún yàtọ̀ sí èyí. 99 Air Combat Training Group ni à ń pe ẹ̀ka tó ń fi bàálù Alpha Jet kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú níbẹ̀, kó tó di 407. Ibùdó kò kúrò lójú kan, nọ́ńbà ló yí. Nítorí náà, ẹ kọ ọdún, ibùdó, ẹ̀ka àti bàálù sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ti lọ kí n tó mọ ohun tó yẹ kí n bi wọ́n.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, mà. Mo fi àwòrán F-7 han bàbá láàárọ̀ yìí láìsọ ohun tó jẹ́. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní MiG ni, ṣùgbọ́n pé ẹnìkan ti yí apá rẹ̀ padà.