Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi lo gbogbo ọlidé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Èmi àti bàbá ọmọ mi ti pínyà, ṣùgbọ́n a kì í bá ara wa jà. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, Èkó lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún 6. Bí bàbá rẹ̀ bá wọ ọkọ̀ ojú irin wá lọ́jọ́ Sátidé, tó sọ̀ ní Ládérìn, wọ́n á jọ gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ tó bá ti lọ, ọmọ á kó sálúbàtà bàbá rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Tó bá di Mọ́ńdè, á máa na àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé. Ó ń dùn mí gan-an.

Tíṣà rẹ̀ ní kí bàbá máa pè é lálaalẹ́. Ó ń pè, ó sì ṣe díẹ̀: ọmọ ti ń sọ pé "inú ń bí mi" dípò kó máa ju nǹkan. Ìyá bàbá rẹ̀ ní kí bàbá dín wíwá kù, kí ọmọ lè gbàgbé. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ láàárín ilé méjì, ṣé kó lo gbogbo ọlidé náà ní Èkó lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ká kọ́kọ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín.