Ìmúrasílẹ̀ fún ìrìn inú odò ní The Narrows, ọgbà Zion

Ìbéèrè
Mo kí gbogbo ilé o. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ rin The Narrows, ọ̀nà tóóró láàárín ògiri àpáta tí odò Virgin ń gbà kọjá, ní ọgbà Zion ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, nínú oṣù Kẹjọ. Láti Temple of Sinawava, ibi tí bọ́ọ̀sì ọgbà náà ń já èrò sí, ni a ó ti wọ odò náà, tí a ó máa rìn lòdì sí ìṣàn omi, a ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ṣé a nílò ìwé àṣẹ? Irú bàtà wo ni ó yẹ wá? Bí ojú ọ̀run bá sì mọ́ kedere lọ́jọ́ náà, ṣé kí ọkàn wa balẹ̀?

Èsì kìíní
Ẹ kú ìmúra. Ẹ kò nílò ìwé àṣẹ bí ẹ kò bá ti kọjá Big Spring, ìsun omi kan tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 8 sí ibi tí ẹ ti gbéra. Àwọn tí ń bọ̀ láti òkè odò, ní Chamberlain's Ranch, tí ìrìn tiwọn tó kìlómítà 26, ni ó di dandan fún láti gbà á. Ní ti bàtà, ẹ fi sálúbàtà sílẹ̀ sílé. Òkúta ìsàlẹ̀ odò náà rí roboto, ó ń yọ̀, ó sì ń yí mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, nítorí náà bàtà tí ó bo ọmọ ìka, tí ó sì di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ni kí ẹ wọ̀. Ẹ mú ọ̀pá gígùn kan dání pẹ̀lú: ẹ kọ́kọ́ fi gúnlẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Èsì kejì
Ìbéèrè kẹta yẹn ni olórí gbogbo rẹ̀. Òjò lè rọ̀ lọ́nà jíjìn lókè odò, lórí àpáta tí kì í fa omi mu, kí gbogbo rẹ̀ sì rọ́ wá sínú ọ̀nà tóóró yìí, níbi tí ògiri àpáta ti ga tó mítà 300, tí àwọn ibòmíràn kò sì fẹ̀ ju mítà 6 sí 9 lọ, nígbà tí oòrùn ń ràn lórí yín. Láti àárín oṣù Keje títí di oṣù Kẹsàn-án ni ewu náà pọ̀ jù. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àgbàrá òjijì pa ènìyàn méje ní Keyhole Canyon, nínú ọgbà kan náà. Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ National Weather Service, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, láàárọ̀; bí wọ́n bá ní àgbàrá ṣeé ṣe kó wáyé, èmi kò ní wọ inú omi. Àwọn alábòójútó ọgbà máa ń ti ọ̀nà bí omi bá ti ń ṣàn ju 150 cfs (ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ, ìyẹn bíi lítà 4,250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ìkìlọ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti wọlé. Bí omi tí ó mọ́ bá ṣàdédé dọ̀tí, tí ó ń gbé ẹ̀ka igi bọ̀, tàbí tí ẹ gbọ́ ìró ramúramù lókè, ẹ gun ibi gíga lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má ṣe bá omi sáré.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Omi mímu ńkọ́? Ṣé a lè sẹ́ omi odò náà, kí ẹrù wa lè fúyẹ́?

Èsì kẹta
Ẹ má dán an wò. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti rí májèlé cyanobacteria, ìyẹn ohun alààyè tín-ín-tín inú omi, nínú odò náà, asẹ́ tí arìnrìn-àjò ń gbé kiri kò sì lè yọ ọ́. Ẹ gbé omi tó lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì ri orí bọ odò. Ẹ yẹra fún aṣọ òwú, nítorí pé kì í tètè gbẹ bí ó bá tutù, òtútù sì ń mú nínú òjìji àpáta náà, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ béèrè àsìkò tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń kúrò ní Temple of Sinawava, kí ẹ sì ti ibẹ̀ ṣírò ìgbà tí ẹ ó yí padà.