Ta ló mọ ilẹ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé dáadáa? Ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ ìtàn ráńpẹ́ kan nípa Ìmẹ̀sí-Ilé, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ sì ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Ogun Kírìjì (1877 sí 1893) fúnra rẹ̀ kò ṣòro: Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, wà lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèǹgbé ló ń darí wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, àmọ́ ó di 1893 kí ọ̀rọ̀ ogun náà tó parí pátápátá. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kò tilẹ̀ rí ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé náà, ibùdó ogun ló kú sí ní 1885.

Ibi tí mo há sí nìyí. Fábùnmi tó dáná ogun náà, ará Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni, ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìmẹ̀sí-Ìgbòdó láyé àtijọ́. Tí ìwé kan bá wá kọ "Ìmẹ̀sí" lásán, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó ń sọ? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa àmì kan rẹ́ lórí máàpù tí mò ń fọwọ́ yà, bébà náà ti fẹ́ lu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ agbègbè yẹn, òkè wo ló wà láàárín ibùdó méjèèjì? Ṣé ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣì wà láti Ìgbájọ, àbí igbó ti bò ó? Orúkọ odò àti orúkọ oko bí àwọn àgbà ṣe ń pè é ni mo ń wá jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn bàbá àti ìyá yín.