Ta ni ó ti ṣeré bowling rí ní Holler House ní Milwaukee?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Wisconsin àti Chicago, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mú wọn lọ sí Holler House, ilé ọtí àdúgbò tí ó ti wà ní Milwaukee láti ọdún 1908, tí ojú ọ̀nà pákó méjì péré tí wọ́n fi ń ṣeré bowling (eré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù ńlá láti fi wó igi mẹ́wàá tí wọ́n tò sí òpin ọ̀nà) wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wù mí jù ni pé kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀: ènìyàn ni ó ń fọwọ́ to igi mẹ́wàá náà padà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti wó wọn. Ṣé dandan ni kí a pe ilé ọtí náà ṣáájú? Eélòó ni ó yẹ kí a fi ta ẹni tó ń to igi lọ́rẹ? Orúnkún ń dun bàbá mi díẹ̀ (wọn kò ní gbà bẹ́ẹ̀ o), nítorí náà mo fẹ́ mọ bí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ṣe rí. Mo tún gbọ́ pé wọ́n so kọ́mú àwọn obìnrin kọ́ sí àjà ilé ọtí náà. Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀, kí n lè tètè wá àlàyé sílẹ̀ fún bàbá?