Ìdáhùn: “àdàlù àbùdá” kọ́ ni crossing-over

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé ká máa pe crossing-over, ìyẹn bí krómósómù méjì (okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá, ìyẹn gene) ṣe ń fi apá kan ara wọn ṣe pààrọ̀, ní “àdàlù àbùdá”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè fara mọ́ ọn. Lọ́nà kìíní, ebi ń pa mí bí mo ti ń kà á.

Lọ́nà kejì, ta ló ń ka hóró nínú àdàlù? Ẹ̀wà lè pọ̀ ju àgbàdo lọ, kó ṣáà ti jinná. Ti inú sẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú okùn ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó gùn dọ́gba, iyùn láti ọ̀dọ̀ bàbá, sẹ̀gi láti ọ̀dọ̀ ìyá: okùn ni krómósómù, hóró ni àbùdá. Ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí hóró dojú kọ hóró. Ẹ gé méjèèjì lójú kan náà, kí ẹ wá so ìdí iyùn mọ́ orí sẹ̀gi, ìdí sẹ̀gi mọ́ orí iyùn. Hóró kankan kò sọnù, ọ̀kan kò sì lé. Bí ojú ibi tí a gé kò bá ṣe déédéé, okùn kan á gùn ju èkejì lọ. Irú rẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí ojú àwọn kan má lè fìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé.

Pàṣípààrọ̀ nìyẹn: o fún mi, mo fún ọ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ “pàṣípààrọ̀ ìdí-okùn”, àmọ́ nígbà mìíràn ojú méjì ni okùn ti ń gé, àárín ló sì máa ń pààrọ̀. Nítorí náà, “pàṣípààrọ̀ àbùdá” tó.

Ẹ tún wò ó, àgbàdo inú àdàlù yín gan-an ló jẹ́rìí takò yín! Lára àgbàdo ni àwọn onímọ̀ àbùdá, Harriet Creighton àti Barbara McClintock, ti fi hàn ní 1931 pé, bí àbùdá bá ti pààrọ̀, apá krómósómù fúnra rẹ̀ ti pààrọ̀.

“Ìpín olómìnira” tí wọ́n dábàá fún independent assortment, ìyẹn bí krómósómù wa, méjì-méjì lọ́nà 23, ṣe ń pín sínú àtọ̀ tàbí ẹyin láìwo ojú ara wọn, ńkọ́? Òmìnira ti di ti orílẹ̀-èdè. “Ìpín-kálukú” ni mo fara mọ́. Ọ̀nà tó lé ní mílíọ̀nù 8 ni wọ́n lè gbà pín, kí pàṣípààrọ̀ kankan tó wáyé rárá.

Ojú ibi tí okùn méjì ti gbé ara wọn kọjá, ìyẹn chiasma, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Frans Janssens ṣàlàyé ní 1909, ṣé kí a pè é ní “oríta”?