Táǹkì mélòó ló yẹ kí battalion kan ní?

ỌmọKàbà: Òkun o, ẹ̀yin tèmi. Mò ń ṣètò àwọn sójà orílẹ̀-èdè àtinúdá kan fún géèmù wa, ilẹ̀ rẹ̀ dà bíi tiwa níbí, òkè àti àpáta káàkiri, odò ńlá sì wà níbẹ̀. Táǹkì ogun mélòó ni kí n fi sí battalion, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà tó kó company mélòó kan pọ̀?

Ará Ìsánlú: Òkun o. Ti Rọ́ṣíà, táǹkì 3 ni platoon, ìyẹn ẹgbẹ́ tó kéré jù, 10 ni company, ìyẹn platoon mẹ́ta, torí ọ̀gá wọn ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, 31 ni battalion, ìyẹn company mẹ́ta àti táǹkì ọ̀gá. Amẹ́ríkà, 4 ni platoon, 14 ni company. T-72, táǹkì Rọ́ṣíà, ń gbé èèyàn 3 torí ẹ̀rọ ló ń ki ọta, Abrams, ti Amẹ́ríkà, ń gbé 4.

Bàbá Mọpà: Àbúrò, táǹkì nìkan kọ́ o! Abrams wúwo ju tọ́ọ̀nù 60 lọ, afárá wo ló fẹ́ gbé e kọjá odò yẹn? Wá àwọn tó ń tẹ́ afárá, ọkọ̀ epo, ọkọ̀ tó ń wọ́ táǹkì tó bá kú sọ́nà. Kí sójà ẹlẹ́sẹ̀ sì pọ̀ dáadáa, torí táǹkì tó bá dá wọ àárín òkè, àtòkè ni wọ́n á ti yìnbọn lù ú, orí ẹ̀ ni irin ẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́.

ỌmọKàbà: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ṣé abẹ́ battalion ni kí n fi àwọn tó ń tẹ́ afárá sí?

Bàbá Mọpà: Rárá, brigade, ìyẹn ẹgbẹ́ tó kó battalion mélòó kan pọ̀, ni kó ni wọ́n, kó máa pín wọn fún ẹni tó bá fẹ́ sọdá.